Awọ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ará Àwóyè

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje 2024. Igbókọ̀dá.

Yàrá tí wọ́n fún mi ń rùn. Mo kọ́kọ́ rò pé òórùn ẹja ni, nítorí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹja tútù Àǹtí Bàdírátù ló wà. Nígbà tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo rí i pé eku kan ti kú síbẹ̀ tipẹ́, ó ti gan mọ́ pákó. Mo fi páálí ha á kúrò. Mo jáde, mo bì, mo tún wọlé lọ gbálẹ̀.

Ibí ni láàbù mi títí òjò yóò fi dá. Dókítà Lawrence tó ń bójú tó ìwádìí mi ní yunifásítì ló yàn án. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí a bá gbà ní Àwóyè lè dé Igbókọ̀dá láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n tí a bá tún gbé e wọ mọ́tò lọ sí yunifásítì, ooru á ti sè é. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò ní í bá mi gbé ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń jẹ púpúrú ní ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí, tí í ṣe àbúrò bàbá mi, bi mí pé, "Ràhímà, kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ṣe?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ dà bí ilé tó ní ilẹ̀kùn. Nǹkan ń gbabẹ̀ wọlé, nǹkan ń gbabẹ̀ jáde. Àwọn ará Àwóyè ní láti ìgbà tí epo rọ̀bì ti wọ kànga àwọn ni ara àwọn kò ti gbé kánkán mọ́, tí ìpéǹpéjú àwọn ń funfun. A fẹ́ mọ̀ bóyá omi yẹn ló ń dí ilẹ̀kùn náà. Màá yọ ilẹ̀kùn kúrò lára awọ ẹ̀jẹ̀, màá gbé e sára ilé mìíràn tí mo fi ọ̀rá kọ́, kí n lè máa wo òun nìkan."

"Ilé ọ̀rá wo?"

"Lípósóòmù ni wọ́n ń pè é. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i."

Ó wò mí títí. "Nájíísì ni ẹ̀jẹ̀. Tí o bá ti ibẹ̀ bọ̀, má fọwọ́ kan ìkòkò mi kí o tó wẹ̀. Má sì wọ aṣọ yẹn dé orí ẹní ìkírun mi."

Mo ní ó dáa.

Alámísì, 4 Oṣù Keje.

Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni mo fi ń dánra wò, kí n má baà fi ti ènìyàn ṣòfò. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Eṣinṣin ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń fọwọ́ bo ẹnu kí n tó lè sọ̀rọ̀. Alápatà fi ẹsẹ̀ ti ìfun sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ríbi dúró, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì mi sábẹ́ ọrùn ẹran náà. Ó kún, ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kàwé nípa ẹ̀jẹ̀, kò sí ìwé kan tó sọ fún mi pé ó máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn àìdì tí mo fi sínú kẹ́ẹ̀gì kéré jù. Nígbà tí mo fi délé, ìdajì rẹ̀ ti dì bí ẹ̀dọ̀. Mo da ìyẹn nù sí kòtò, ajá sì ti dé ibẹ̀ kí n tó yíjú. Èyí tó kù ni mo yí nínú ẹ̀rọ sẹ́ńtrífíújì títí ẹ̀jẹ̀ pupa fi rọ̀ sísàlẹ̀ tí omi ara rẹ̀ léfòó. Mo fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà mo fi omi tútù tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan bẹ́ ẹ, kí pupa inú rẹ̀ tú jáde, kó ku awọ nìkan. Ó yẹ kí awọ náà funfun. Tèmi pupa bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje.

Pupa síbẹ̀.

Yìnyín tí mo ń lò, lára èyí tí Àǹtí fi ń tẹ́ ẹja ni. Ìpẹ́ wà nínú rẹ̀, òróòro wà nínú rẹ̀. Lónìí, nígbà tí mo na ọwọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì láti gbé ìgò mi, ojú ẹja kan ló ń wò mí láàárín yìnyín. Ojú nìkan, kò sí ẹja. Mo pariwo. Àǹtí sáré wọlé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìwọ tí ò ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀, ojú ẹja ló ń dẹ́rù bà ọ́?"

Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí. Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀.

Jímọ̀, 12 Oṣù Keje.

Mo wẹ̀ tán, mo tún wẹ̀. Mo fi kàìnkàìn ha èékánná mi. Mo wọ híjáàbù tí kò tíì dé láàbù rí. Síbẹ̀, bí a ti wólẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tí mo gbé iwájú orí mi sí ilẹ̀, ohun tí imú mi ń gbọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ara mi ni tàbí inú orí mi. Ìyàwó oníkẹ́rosíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ àyè ni.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje.

Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni awọ náà funfun fún ìgbà àkọ́kọ́, ó funfun bí omi ìrẹsì, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà. Láti ìgbà náà kò sí oòrùn, sólà kò gba iná. Mo tan jẹnẹrétọ̀, ó hú, ó kú: omi ló pọ̀ nínú epo tí wọ́n tà fún mi. Mo dúró títí di òní kí n tó ṣí fírísà, nítorí mo rò pé bí mi ò bá ṣí i, òtútù kò ní í jáde.

Òórùn tó jáde sí mi lójú, mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀: ó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tí ẹnì kan wá fi sínú bàtà tútù. Mo ṣì yẹ̀ ẹ́ wò nínú jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí olóríkunkun ni mí. Níbi tó yẹ kí àwọn purotéènì ara awọ, tí ilẹ̀kùn náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti là gààrà, ìlà kan lókè, ìlà kan nísàlẹ̀, ó fẹ̀ káàkiri bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ èédú nu ògiri. Gbogbo rẹ̀ ti jẹra.

Mo pe Dókítà Lawrence. Ó ní, "Ràhímátù, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fírísà. Àwọn tó fún wa ní owó ìwádìí ń béèrè èsì." Mo gbọ́ ìró fáànù lẹ́yìn rẹ̀. Fáànù!

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje. Àwóyè.

Mo gbéra lọ sí Àwóyè láàárọ̀ láti lọ gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ ojú omi kún, jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tí wọ́n fún mi sì ní àbàwọ́n ẹ̀gbin lára, ẹnì kan ti bì sí i tẹ́lẹ̀ rí tí wọn kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí a ṣe jáde kúrò ní ẹnu odò tí a rí òkun, gbogbo wa di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Òpó ilé tí òkun ti jẹ ṣì dúró sínú omi láìní òrùlé.

Nọ́ọ̀sì Rhoda ló gbà mí lálejò. Òun nìkan ló wà ní ilé ìwòsàn wọn, yàrá oníplánǹkì kan tó dúró lórí igi. Ó ti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bàbá Olówòkéré, àgbà àdúgbò náà, ló kọ́kọ́ na apá.

"Ẹ gbà á. Ìyókù tí epo fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń yan ẹja, Moríkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Promise ni wọ́n ń pè é, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, èéfín wà lára aṣọ rẹ̀.

"Tí ẹ bá gbé e lọ tán, ta ló máa sọ fún wa pé kí lẹ rí?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

"Ẹ̀yin." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó na apá tirẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ síbi kànga láti bu omi tí màá fi dán an wò. Omi òjò ni wọ́n ń mu báyìí, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá, kànga yìí ni. Mo tẹ̀ wò ó. Ojú omi náà ń dán, ó pupa, ó búlúù, ó ṣe bí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo ju ìgò sí i, nígbà tí mo fà á jáde, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ okùn, ó yọ̀ mọ́ mi ní ìka. Ó ń rùn bí ilé mẹkáníìkì. Mo nu ún sí yẹ̀rì mi, kò lọ.

Alámísì, 25 Oṣù Keje.

Ó funfun! Fífọ̀ kẹta ló ti funfun. Àǹtí fún mi ní yìnyín tuntun tí ẹja kò tíì kàn, kò sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Olówòkéré, ẹ̀jẹ̀ Moríkẹ́, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, kò sí pupa kankan nínú rẹ̀ mọ́. Awọ lásán. Ó dà bí ìkùukùu.

Ní ọ̀sán mo fi ọṣẹ láàbù yọ purotéènì kúrò lára awọ náà. Jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ kedere. Ìlà ilẹ̀kùn náà wà níbi tó yẹ kó wà, ó dúdú dáadáa.

Mo wẹ̀, mo kírun, mo jẹun lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Keje.

Ọ̀rá tó yẹ kí Dókítà Lawrence fi ránṣẹ́ kò dé, kò sì ní í dé. Nítorí náà, mo ń fa ọ̀rá jáde lára ẹyin adìẹ fúnra mi, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Pupa ẹyin lórí pupa ẹyin, pẹ̀lú oògùn olóòórùn tó ń gún mi lójú. Ọ̀kan lára ẹyin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ. Mo là á láìmọ̀, ó sì já bọ́ sínú abọ́ pẹ̀lú ojú àti àgógó. Gbogbo abọ́ náà ni mo dà nù. N kò lè jẹ ẹyin mọ́ láéláé.

Jímọ̀, 2 Oṣù Kẹjọ.

Òjò. Kò sí iná, yìnyín díẹ̀ tó kù ni mo kó bo ìgò purotéènì. Mo sùn.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ.

Alhamdulillahi. Mo ti kọ́ ilé náà.

Mo jẹ́ kí ọ̀rá ẹyin gbẹ mọ́ ara ìgò títí ó fi fẹ́lẹ́ bí eépo àlùbọ́sà. Mo da omi oníyọ̀ sí i, mo ń mì í díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá náà ṣí kúrò lára ìgò, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó gbé omi mì, omi náà sì di funfun. Mo da purotéènì pẹ̀lú ọṣẹ tó wà lára rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo kó àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó máa ń fa ọṣẹ mu sínú rẹ̀, kí ọṣẹ kúrò, kí ilẹ̀kùn wọ inú ògiri. Yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sáré yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà kí ohun gbogbo má baà gbóná.

Mo pe Àǹtí wá wò ó. Ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó má baà fara kan nǹkan.

"Gbogbo ìyà tó jẹ ọ́ láti ìgbà yìí, òun ló di omi ògì yìí?"

"Òun ni, Àǹtí."

"Ó mà dára o," ló wí, bí ẹni tó ń kí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò lẹ́wà.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ.

Mo da omi kànga Àwóyè lé e. Iyọ̀ tí mo tì mọ́ inú àwọn ilé náà tú jáde yàà. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn dí. Odidi ògiri ló ń jò bí agbọ̀n. Mo tún un ṣe, ó tún jò.

Mo pe Dókítà Lawrence. Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. "Ràhímátù! O ti ṣe é! Omi yẹn ń ya ẹ̀jẹ̀ wọn!" Ó ní òun ń bọ̀.

Inú mi dùn. Mo sì ń ronú nípa Bàbá Olówòkéré tó ń mu omi yẹn, tí gbogbo ilé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jò. Inú tó dùn náà rùn sí mi lójijì.

Alámísì, 15 Oṣù Kẹjọ.

Dókítà Lawrence dé. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú sẹ́ńtrífíújì mi, ó wọ kóòtù mi láti fi ya á. Ó ní ká lọ sí Àwóyè lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká ṣì dúró, ká tún un yẹ̀ wò. Ó ní, "Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣé ojú rẹ kò ríran ni?"

Ó kó wọn jọ sí iwájú ilé ìwòsàn, ó sọ fún wọn pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí. Ó ní wọ́n lè gbé èsì yìí lọ síwájú ìjọba, síwájú àwọn elépo, síbikíbi. Obìnrin kan bú sẹ́kún. Bàbá Olówòkéré di ọwọ́ Dókítà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní ẹja yíyan tó dára jù, wọ́n gbé ọbẹ̀ marúgbó kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ìpadàbọ̀, Dókítà Lawrence fi eyín já ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ó fọ ọwọ́ tí Bàbá náà dì mú. Ó tún já òmíràn, ó tún fọ̀ ọ́. Ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, ó yọ ṣùtì.

"Irú ibo nìyí, Ràhímátù? Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé irú ibí?"

Èmi tí mo ti ń bì láti oṣù tó kọjá, tí mo ti ń sá fún ojú ẹja, mi ò rí ohun tó ń ríni lára tó ọwọ́ tó ń fọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹjọ.

Oòrùn yọ, iná wà, yìnyín wà. Mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: mo da omi mímọ́ láti láàbù yunifásítì lé díẹ̀ lára àwọn ilé náà, láìsí ẹ̀kán omi kànga kan nínú rẹ̀.

Ó jò.

Mo kọ́ ilé mìíràn tí kò ní ilẹ̀kùn rárá, ọ̀rá àti ọṣẹ nìkan, bí mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ gan-an, mo da omi mímọ́ lé e. Ó jò.

Mo jókòó sílẹ̀. Ọṣẹ ni. Mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ní kíákíá lọ́jọ́ náà, ọṣẹ ṣì kù lára ọ̀rá, òun ló ń gbẹ́ ihò sí i. Omi Àwóyè kò ṣe nǹkan kan. Ọṣẹ tèmi ló ṣe é.

Obìnrin tó sunkún yẹn!

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ.

Mo sọ fún Dókítà Lawrence lórí fóònù. 

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, Sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kó parí síbẹ̀."

"Sà, èsì náà kì í ṣe òótọ́."

"Ràhímátù, o rí kànga yẹn. Ṣé omi tó dára ni?"

"Rárá, Sà."

"Ṣé epo kò sí nínú rẹ̀?"

"Ó wà, Sà."

"Nígbà náà, irọ́ wo la pa? Oore là ń ṣe fún wọn. Ẹni tí ebi ń pa, o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé abọ́ kò mọ́?"

 Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń bá a jà nínú ọkàn mi. Bí àwọn elépo bá gbé onímọ̀ tiwọn dìde, ọ̀sán kan péré ni yóò fi rí ọṣẹ náà. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èmi tàbí Dókítà Lawrence ni wọn yóò pè ní òpùrọ́. Àwọn ará Àwóyè ni. Bí wọ́n bá tún ké láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́.

Mo sọ fún Àǹtí. Ó ń gé orí ẹja lọ, kò gbójú sókè.

"Ṣé o lè fi ọ̀rọ̀ yẹn kírun?"

"N kò lè fi kírun, Àǹtí."

"Kí ló wá kù?"

Àìkú, 25 Oṣù Kẹjọ.

Nọ́ọ̀sì Rhoda fi ẹ̀jẹ̀ tuntun rán ọlọ́kọ̀ sí mi. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: fífọ̀, bíbẹ́, awọ, purotéènì, ọ̀rá. Ní ti ẹyin, Àǹtí ló bá mi là á, ó fi nylon bo ọwọ́, ó ń ṣe "astagfirullah" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ fa ọṣẹ mu títí kò fi ku nǹkan kan, mo sì pààrọ̀ yìnyín fúnra mi láìsinmi.

Lónìí mo da omi mímọ́ lé apá kan, mo da omi kànga Àwóyè lé apá kejì.

Kò jò. Iyọ̀ náà ń gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ti yẹ. Bó ṣe rí nínú omi mímọ́ náà ló rí nínú omi kànga. Ilẹ̀kùn náà kò dí rárá.

Èyí ni iṣẹ́ tó dára jù tí mo tíì ṣe láyé mi. Kò sí àléébù kan lára rẹ̀. Mo wò ó, ó kó mi nírìíra.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ.

Mo fi àbọ̀ náà ránṣẹ́ sí Dókítà Lawrence lánàá. Ó pè lónìí. Kò pariwo.

"O ti pinnu láti bà mí jẹ́."

Mo ní, "Rárá, Sà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ fún wọn."

"Èmi? Kí n padà sí ibẹ̀ yẹn? Wá olùtọ́sọ́nà mìíràn, Ràhímátù. Kó ẹrù mi fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tí o bá fẹ́ lọ sí Àwóyè, ìwọ ni wọ́n máa lé wọ inú òkun."

Ó pa fóònù. Mo fọ gbogbo ìgò, mo sì tò ó síbi tí awakọ̀ yóò ti rí i.

Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ. Àwóyè.

Òkun ń ru, ọlọ́kọ̀ kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n a lọ. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì Rhoda ló dúró dè mí. Mo sọ fún un kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Mo bẹ̀ yín, ẹ rọra sọ ọ́."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú rẹ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ pé ohun tí a sọ fún wọn lọ́jọ́sí kì í ṣe òótọ́. Mo ní ọṣẹ láàbù mi ló ń jẹ́ kí ilé ọ̀rá tí mo kọ́ jò, mo ti tún un ṣe, omi kànga kò sì dí ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní àṣìṣe tèmi ni, mo sì tọrọ àforíjì.

 Afẹ́fẹ́ ń gbọn páànù.

Bàbá Olówòkéré ní, "Nítorí náà, irọ́ la ń pa láti ọjọ́ yìí?"

"Rárá, Bàbá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo yẹ̀ wò. Ilẹ̀kùn mìíràn pọ̀ lára ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ wà, kíndìnrín wà. Mi ò sọ pé omi náà dára. Mo ní n kò rí ohun tí mo wá níbi tí mo wò."

"Àwọn elépo kò ní í gbọ́ èyí tó gùn yẹn, ọmọ mi. 'Kò rí nǹkan kan' ni wọ́n máa gbọ́."

Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Obìnrin tó sunkún lọ́jọ́sí kò sunkún lónìí, ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì kọjá lára mi bí ẹni pé òpó ni mí.

Moríkẹ́ ló kù. Ó kọjá sẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà dé, ife kan tó mọ́ tónítóní wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún fún omi. Kì í ṣe omi òjò. Mo rí àwọ̀ tó ń yí lójú rẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ó nà án sí mi. "Àlejò wa ni yín, a kò tíì fún yín lómi."

Nọ́ọ̀sì Rhoda ní, "Ìyá Promise, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo ṣe? Wọ́n ní kò ṣe ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ mu ún, Dókítà."

Mo gba ife náà, nítorí a kì í kọ omi lọ́wọ́ àgbà. Mo gbé e dé ẹnu. Ètè mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nǹkan tínrín kan sún lójú omi náà, ó wá sí ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé ife náà kúrò lẹ́nu.

"N kò lè mu ún, Mà."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni?"

"Ó ń rí mi lára."

Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò jẹ́ kó dànù. Kò bínú mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀," ló wí.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, mo sì kọ ọ́. Òun ló kẹ́yìn nínú àbọ̀ náà báyìí, lókè orúkọ mi: pé ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ kò dí nínú omi kànga Àwóyè, àti pé èmi tí mo ṣe ìwádìí náà kò lè mu omi ọ̀hún.